Abẹ́rẹ́ yẹn, ibo ló máa gbà wọlé? Ìfiwéra àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe báyọ́pìsì prostate

Ìwé PSA Bàámi jáde, 14, ó ga. (PSA ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wo prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀.) Dókítà wò ó, ó ní ká lọ ṣe báyọ́pìsì, ìyẹn kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ níbẹ̀ lọ sí láàbù, ó kọ ọ́ sórí pépà pélébé kan bí ẹni ń kọ Panadol fún èèyàn, ó parí. Kò sọ irú èyí tá a máa ṣe, àwa náà ò béèrè, torí a ò mọ̀ pé ó nírú. Nígbà tó yá ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní London náà lọ yẹ ara ẹ̀ wò, wọ́n ṣáà ti sọ fún un pé ẹni tí bàbá ẹ̀ bá ní jẹjẹrẹ prostate kò gbọdọ̀ fi tiẹ̀ ṣeré, ohun tí wọ́n sì ṣe fún un lọ́hùn-ún, yàtọ̀ sí orúkọ, kò jọ ohun tí wọ́n ṣe fún Bàámi ní Abẹ́òkúta rárá. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń da ìbéèrè bo àwọn dókítà. Èmi kì í ṣe dókítà o, ọmọ aláìsàn ni mí, àmọ́ tí pépà pélébé yẹn bá wà lọ́wọ́ yín báyìí, ẹ jókòó ká jọ sọ ọ́.

PSA tó ga kì í ṣe jẹjẹrẹ o. Prostate tó kàn wú torí ọjọ́ orí lè gbé e sókè, kòkòrò nínú ìtọ̀ náà lè gbé e sókè. Báyọ́pìsì ló máa sọ bó ṣe jẹ́. Ti àwa aláwọ̀ dúdú tún wá le díẹ̀ sí i, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin 1 nínú 8 ló máa ní jẹjẹrẹ prostate láyé ẹ̀, tó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú, 1 nínú 4 ni. Ẹ ò wá ní gbọ́ ohun tí àwọn àbúrò Bàámi sọ, wọ́n ní tí abẹ́rẹ́ bá ti fọwọ́ kan jẹjẹrẹ, ṣe ló máa ń tàn kálẹ̀. Mo bi dókítà mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, ohun kan náà ni wọ́n sọ: kí jẹjẹrẹ prostate gba ojú abẹ́rẹ́ tàn, ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ohun tó ń pa èèyàn ni kó jókòó sílé máa mu àgbo títí egungun ẹ̀yìn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn rú

Tí wọ́n bá ń sọ ọ́, wọ́n á ní "ti ìdí," "ti abẹ́ ẹpọ̀n," "ti MRI," bíi pé ẹ̀bà, àmàlà àti ìyán ni, kéèyàn mú ọ̀kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó jọ òkèlè àti ọbẹ̀ ni, ẹ máa mú ọ̀kan níbí, ẹ máa mú ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ibo ni abẹ́rẹ́ máa gbà dé ibi prostate. Ìkejì, kí ló máa fọ̀nà han abẹ́rẹ́ náà, ṣé ìka dókítà ni, àbí ultrasound (ẹ̀rọ tó ń fi ìró yàwòrán inú ara), àbí àwòrán MRI (ẹ̀rọ ńlá tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì yàwòrán inú ara)? Èèyàn lè gba ojú ìdí kó sì ní MRI, èèyàn sì lè gba abẹ́ ẹpọ̀n kó má ní in. Ibi tó gbà wọlé ló máa sọ bóyá ẹ máa kó àrùn, ohun tó fọ̀nà hàn án ló máa sọ bóyá ẹ máa rí ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá. Ọsibítù tó bá ń pariwo "tiwa ló bóde mu jù" láì sọ èwo nínú méjèèjì ló ń sọ, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n nìyí: ewu àrùn, ṣé ó máa rí jẹjẹrẹ tó léwu gan-an, owó, ìrora, àti ṣé ẹ lè rí i ṣe nítòsí. Ẹ fi sọ́kàn pé prostate ò tóbi, ó dà bí awùsá lára ọkùnrin tí ò tíì dàgbà púpọ̀, abẹ́ àpò ìtọ̀ ló wà, iwájú ìdí gan-an, ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè fi ìka kàn án. Ẹran tí abẹ́rẹ́ sì máa ń mú jáde kò nípọn ju okùn ìránṣọ lọ, gígùn ẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ sí méjì. Tí wọ́n bá mú méjìlá, ẹ ò rí i pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n mú nínú gbogbo ẹ̀? Àfi bí ẹni fi ṣíbí bu ìrẹsì látinú ìkòkò ńlá láti mọ̀ bóyá òkúta wà níbẹ̀.

Ti ìka

Èyí ló ti pẹ́ jù. Dókítà á ki ìka bọ ìdí, á wá ibi tó le bí òkúta, á wá fi abẹ́rẹ́ tọ ẹ̀gbẹ́ ìka yẹn gún un. Kò nílò ẹ̀rọ kankan, òun ló dínwó jù, ó sì ṣì wà láwọn ibi tí ò ní ultrasound nílẹ̀ wa. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń bú u, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́: tí PSA bàbá kan bá ti ju 100 lọ, tí ẹ̀yìn ń ro ó, tí ìka dókítà sì kan òkúta gbangba, kí lẹ fẹ́ fi MRI wá kiri níbẹ̀? Ẹran díẹ̀ ni wọ́n nílò, kí láàbù fọwọ́ sí i, kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ti ìka ò ti dáa ni ara ẹni tí ìka ò kan nǹkan kan lára ẹ̀, PSA nìkan ló ga. Lára ẹni yẹn, ẹni tí ò ríran ló ń ju òkò.

Ti ojú ìdí pẹ̀lú ultrasound

Ohun tí wọ́n ṣe fún Bàámi nìyí, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ yín máa bá pàdé tẹ́ ẹ bá wà ní Nàìjíríà. Ọdún 1989 ni Hodge àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Stanford ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó sàn kí wọ́n fi ultrasound pín prostate, kí wọ́n gún un ní ojú mẹ́fà tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ju kí wọ́n kàn máa gún ibi tó le lọ. Mẹ́fà yẹn ló di méjìlá nígbà tó yá.

Bàámi fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ká orúnkún sókè sí àyà. Wọ́n ki ọ̀pá ultrasound tó tó àtàǹpàkò bọ ìdí ẹ̀, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ kí ibẹ̀ kú, lẹ́yìn náà ló kan "tàà!" Ìró yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n gbàgbé, bí sitépílà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ìwé tó nípọn, mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìn kọ́tìnnì níta. Tíṣà ni Bàámi kó tó fẹ̀yìn tì, ṣe ló ń ka á sókè, "mẹ́ta... mẹ́rin...", nígbà tó di mẹ́sàn-án kò kà mọ́. Ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ti ní kó dìde. Ó ní kò dùn tó bí òun ṣe rò, ìtìjú ẹ̀ ló pọ̀ ju ìrora lọ.

Wàhálà ọ̀nà yìí hàn síta, inú ìdí ni abẹ́rẹ́ ń gbà kọjá, ẹ sì mọ ohun tó wà nínú ìdí. Gbogbo ìgbà tó bá ti gún, ó lè kó kòkòrò láti ibẹ̀ wọ prostate, láti prostate wọ inú ẹ̀jẹ̀. Antibáyótíìkì ni wọ́n fi ń dènà ẹ̀, ciprofloxacin ló sì wọ́pọ̀ jù, àmọ́ ṣé ẹ mọ bí àwa ṣe ń lo cipro nílẹ̀ yìí? Inú ń run ẹ́, cipro. Ìtọ̀ ń ta ẹ́, cipro, lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn lójú títì láì sí ìwé dókítà. Kòkòrò inú ìdí ẹlòmíì ti mọ cipro bí ẹni mowó, cipro ò ràn án mọ́. Ó dáa kẹ́ ẹ béèrè ohun méjì lọ́wọ́ ọsibítù tó bá fẹ́ gba ojú ìdí: ṣé wọ́n á kọ́kọ́ fi òwú mú nǹkan ní ojú ìdí lọ sí láàbù, kí wọ́n mọ antibáyótíìkì tó máa ṣiṣẹ́ fún kòkòrò tiyín? Ṣé wọ́n á sì fi povidone-iodine, oògùn apakòkòrò, nu inú ìdí kí wọ́n tó gún un? Ìkejì yìí kò wọ́n rárá, ó sì ń dín àrùn kù gan-an.

Àwa ò mọ̀ ká béèrè. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, Bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, eyín ń lu ara wọn, Màámi ti ń gbé oògùn ibà bọ̀, ó ní ẹ̀fọn yàrá ọsibítù ló jẹ ẹ́. Ibà kọ́ o! Ẹni tó bá ṣe báyọ́pìsì tí ara ẹ̀ wá gbóná tàbí tó ń gbọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọsibítù ni tààràtà, lóru yẹn náà, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi fa oògùn sí i lára níbẹ̀, owó tá a san níbẹ̀ sì fi ìlọ́po méjì ju owó báyọ́pìsì fúnra ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé ti ojú ìdí dínwó títí mo bá fi rí ohun tí wọ́n ṣe sí ọ̀rọ̀ kòkòrò.

Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ nínú àtọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí àwọ̀ ẹ̀ á dà bí ìpẹtà irin, ìyẹn kì í ṣe nǹkan tó yẹ kó já yín láyà, ọ̀nà yòówù kẹ́ ẹ gbà, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Àmọ́ tí ìtọ̀ bá há pátápátá, ẹ lọ o.

Ti abẹ́ ẹpọ̀n

Èyí ni wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi ní London. Ultrasound náà ṣì wà nínú ìdí, àmọ́ abẹ́rẹ́ ò gba ibẹ̀, awọ ara tó wà láàárín ẹpọ̀n àti ojú ìdí ló gbà wọlé. Awọ ara ṣeé fi oògùn nù kó mọ́, inú ìdí ò ṣeé fọ̀ mọ́. Gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Àwọn ọsibítù kan ò tiẹ̀ fún èèyàn ní antibáyótíìkì mọ́ tí wọ́n bá gba ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ tún máa ń dé apá iwájú prostate dáadáa, ibi tí ti ojú ìdí kì í sábà dé.

Tẹ́lẹ̀, wọ́n ní láti kun èèyàn lóorun pátápátá kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n á gbé pátákó oníhò wẹẹrẹ síbẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó wọ́n. Ní báyìí ó ti ṣeé ṣe pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ nìkan, kéèyàn sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, TRANSLATE, èsì ẹ̀ jáde ní 2025, ọkùnrin 1,126 ni wọ́n pín sí méjì. Wọ́n rí jẹjẹrẹ tó yẹ kí wọ́n rí lára 60 nínú 100 àwọn tó gba abẹ́ ẹpọ̀n, àti 54 nínú 100 àwọn tó gba ojú ìdí. Àwọn tí àrùn mú débi tí wọ́n fi dá wọn dúró sí ọsibítù kò tó 1 nínú 100 ní ti abẹ́ ẹpọ̀n, ní ti ojú ìdí ó tó bíi 2 nínú 100. Ẹlòmíì á ní 2 nínú 100 ò pọ̀. Èmi tí mo jókòó ti Bàámi fún ọjọ́ márùn-ún, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ kò rọrùn bí wọ́n ṣe ń polówó ẹ̀. Ìwádìí yẹn náà ló sọ pé àwọn tó gba abẹ́ ẹpọ̀n rojọ́ ìrora àti ìtìjú lójú ẹsẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ẹ̀gbọ́n mi sì gbà bẹ́ẹ̀, ó ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pa ibẹ̀ ta á ju báyọ́pìsì lọ, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ òun sókè bíi aboyún tó ń rọbí. Nílé ńbí, dókítà tó mọ̀ ọ́n ṣe ò tíì pọ̀. Tẹ́ ẹ bá máa gba ọ̀nà yìí, ẹ béèrè mélòó ni dókítà yẹn ti ṣe, torí ọwọ́ tí ò tíì mọ́ lára máa ń pẹ́ níbẹ̀, ó sì máa ń dun aláìsàn.

MRI, èyí tó ń fọ̀nà hàn

MRI kì í ṣe báyọ́pìsì o. Àwòrán ni, wọ́n á yà á kí wọ́n tó gún yín, ẹni tó ń ka á á sì fún un ní máàkì láti 1 dé 5. Ẹni tó gba 1 tàbí 2, tí PSA ẹ̀ ò sì ga jù sí bí prostate ẹ̀ ṣe tóbi tó, dókítà lè ní kó má tíì gún nǹkan kan, kó máa ṣọ́ ọ. Ẹni tó gba 4 tàbí 5, wọ́n ti mọ ibi tí abẹ́rẹ́ ń lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di nǹkan àkọ́kọ́ látọdún 2019, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi rí MRI kó tó rí abẹ́rẹ́, lórí owó NHS, ètò ìlera ìjọba wọn.

Ohun tó yí mi lọ́kàn padà ni PROMIS, ìwádìí tó jáde ní 2017. Ọkùnrin 576 ni, wọ́n ya MRI fún wọn, wọ́n gún wọn láti ojú ìdí bí ti Bàámi, wọ́n tún wá gún gbogbo prostate wọn káàkiri kí wọ́n lè mọ òótọ́ ibẹ̀. Nínú gbogbo jẹjẹrẹ tó léwu tó wà lára wọn, MRI fura sí 93 nínú 100. Ti ojú ìdí lásán rí 48. Kò tó ìdajì! Ọdún tó tẹ̀ lé e ni PRECISION jáde, ọkùnrin 500: àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ya MRI fún, 38 nínú 100 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ tó léwu lára wọn, àwọn tí wọn ò yà á fún, 26. Bíi 28 nínú 100 àwọn tó ya MRI ni wọn ò tiẹ̀ gún rárá. Jẹjẹrẹ kékeré tí ò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan, tó kàn máa kó ìpayà bá èèyàn, 9 ni wọ́n rí lọ́dọ̀ àwọn ti MRI, 22 lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Ẹ má fojú kéré ìyẹn, mo mọ bàbá kan tí wọ́n rí Gleason 6 lára ẹ̀ (Gleason ni máàkì tí láàbù fi ń sọ bí jẹjẹrẹ prostate ṣe le tó), irú èyí tí wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn kàn máa ṣọ́, ó ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ní láti fi ṣe iṣẹ́ abẹ.

Tí wọ́n bá ti wá ya MRI tán, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n lè gbà lò ó. Dókítà lè wo àwòrán kó fi sọ́kàn, kó wá fojú ara ẹ̀ wá ibẹ̀ lórí ultrasound. Ẹ̀rọ lè gbé àwòrán méjèèjì lé ara wọn lórí kọ̀ǹpútà, kó máa tọ́ka. Tàbí kí wọ́n gún èèyàn nínú ẹ̀rọ MRI gan-an, èyí tó wọ́n bí ojú, ibi díẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ìwádìí kan ní Netherlands tó jáde ní 2019 fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra lára àwọn tí wọ́n ti gún tẹ́lẹ̀ tí wọn ò rí nǹkan kan, kò rí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn. Fún àpò wa nílé, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn: tí dókítà yín bá mọṣẹ́, tí kò sì ní ẹ̀rọ olówó ńlá yẹn, ẹ ò pàdánù nǹkan púpọ̀.

MRI náà ní tiẹ̀. Ó wọ́n, òun ló máa ń gbé owó gbogbo ẹ̀ lọ sókè jù. Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ò dáa tó, tàbí tó ní ẹ̀rọ láyà tó ń ran ọkàn ẹ̀ lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ sọ. Ẹni tó ń kà á sì ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ lọ, ẹlòmíì tó máa ń ka ti ọpọlọ àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn lójoojúmọ́, ti prostate lè má yé e. Tí wọ́n bá sì ti kọ́kọ́ gún yín, ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ á ba àwòrán jẹ́, ẹ máa dúró bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Torí náà tẹ́ ẹ bá máa náwó sí MRI lọ́nàkọnà, ẹ ná an ṣáájú abẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìgò

Kò sí ẹni tó sọ èyí fún wa. Nígbà tí wọ́n ṣe Bàámi tán, ìgò kan ṣoṣo ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ nínú ọ̀rá dúdú, wọ́n ní kí n gbé e lọ sí láàbù fúnra mi. Mo gbé e sórí itan nínú mọ́tò, ẹran méjìlá ń léfòó nínú fọ́málìn bíi sùpàgẹ́tì tó gé wẹ́wẹ́. Nígbà tí èsì jáde, jẹjẹrẹ wà, Gleason 7, àmọ́ wọn ò lè sọ bóyá apá ọ̀tún ni tàbí òsì, tàbí ìsàlẹ̀ tàbí òkè, torí wọ́n ti da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú ìgò kan. Dókítà tó fẹ́ tọ́jú ẹ̀ mi orí. Ti ẹ̀gbọ́n mi, olúkúlùkù ibi tí wọ́n mú ló ní ìgò tiẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ibẹ̀ sí i lára. Ó máa ń jẹ́ kí owó láàbù lọ sókè díẹ̀, àmọ́ ẹ san án. Ẹ sì béèrè bóyá owó láàbù wà nínú owó tí wọ́n pè fún yín, torí ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sí níbẹ̀.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Bàbá tí PSA ẹ̀ ga fíofío, tí òkúta wà níbẹ̀ gbangba, kó má fi ìwá MRI pa ọjọ́. Kó ṣe ti ojú ìdí tàbí ti ìka pàápàá, ẹran díẹ̀, kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí PSA ẹ̀ kàn ga díẹ̀, tí ìka ò kan nǹkan kan, tó sì lè tu owó MRI jọ, kódà kí àwọn ọmọ dá a jọ, òun gan-an ni MRI wà fún. Tí kò bá sí owó rárá, méjìlá tí wọ́n fi ultrasound darí ṣì dáa ju kéèyàn jókòó lọ, àmọ́ kó mọ̀ pé tí wọn ò bá rí nǹkan kan tí PSA sì ń gòkè, ọ̀rọ̀ ò tíì parí.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó ti ń lo antibáyótíìkì lemọ́lemọ́, tàbí tó ti kó àrùn nígbà tí wọ́n gún un rí, kó wá ibi tí wọ́n ti ń gba abẹ́ ẹpọ̀n, bó bá tiẹ̀ máa wọkọ̀ lọ sí ìlú míì. Ẹni tó ń lo warfarin tàbí oògùn míì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ọ̀nà yòówù kó jẹ́, kó sọ kí wọ́n tó fún un ní ọjọ́, kó má sì dá a dúró fúnra ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ lọ́dọ̀ NHS, tẹ́ ẹ bá sì ti pé 50 ẹ lè lọ bá GP yín, dókítà àdúgbò yín, fún PSA, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé aláwọ̀ dúdú lẹ̀ ń jẹ́, kí ọ̀rọ̀ má falẹ̀.

Èmi fúnra mi pé 45 lọ́dún yìí, bàbá mi ní i, ẹ̀gbọ́n mi ní i. PSA ti àkọ́kọ́ jáde ní 1.1, mo ti fi pépà ẹ̀ sínú Bíbélì. Lọ́jọ́ tó bá gòkè, MRI ni màá kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà abẹ́ ẹpọ̀n, kí n sì tó san kọ́bọ̀, màá bi wọ́n pé ìgò mélòó ni.